Ògiri àtijọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ń bó: iṣẹ́ tó ṣáájú kíkùn

Ìsìnkú ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹbí dáwó jọ, wọ́n ra ọ̀dà, wọ́n wá àwọn ọmọ tó ń kunlé, kó tó di ọjọ́ kẹta ilé bàbá ti ń dán yinrin. Àwọn àlejò kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó tẹ̀lé e kò tíì rọ̀ dáadáa tí ọ̀dà ọ̀hún ti ń ṣí kúrò lára ògiri lábala-lábala, tó sì gbé ọ̀dà àtijọ́ dání. Ẹbí á ní ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún àwọn. Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kò sí ohun tó ṣe ọ̀dà. Ọ̀dà tuntun di ọ̀dà àtijọ́ mú ṣinṣin. Ọ̀dà àtijọ́ ni kò di nǹkan kan mú. Bí ọ̀dà tuntun sì ṣe ń gbẹ ló ń súnkì, á wá fa èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ yọ.

Irú ilé tó kún ìgboro wa ní Èkìtì ni mo ń bá wí: ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú, àti ilé búlọ́ọ̀kù tó ti pẹ́. Inú ilé ni mo dojú kọ jù. Ibi tí òde bá ti yàtọ̀, màá sọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é, láti Oṣù Bélú sí Oṣù Èrèlé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lágbedeméjì òjò á kàn máa dúró de ògiri tí kò ní gbẹ ni.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Fún híha àti fífọ̀: sikirépà méjì, ọ̀kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àti ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ fún igun, búrọ́ọ̀ṣì onírin, búrọ́ọ̀ṣì onírun fún eruku, sánpépà nọ́ńbà 80, 120 àti 180, korobá méjì, fóòmù, ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú, bílíìṣì, àti ike tí a fi ń fín omi. Ẹ má yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín kòkó lóko. Oògùn kì í tán nínú rẹ̀, ẹ ó sì máa fín in sínú yàrá tí èèyàn ń sùn.

Fún dídí: sìmẹ́ǹtì, iyanrìn tí a ti sẹ́, tóróẹ̀lì, pákó pẹlẹbẹ tí bíríkìlà fi ń dán ògiri, nẹ́ẹ̀tì onírin, ìṣó gígùn, àti POP (ẹfun lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi ń dán ògiri inú ilé) tàbí ohun ìdíhò tí wọ́n ń tà lápò.

Fún ara yín: ìbòmú tó nípọn (aṣọ tí a so mọ́ imú kò tó), awò ìdáàbòbò ojú, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àkàbà tí kì í mì, tápólì fún ilẹ̀, àpò líle fún ìdọ̀tí. Ẹ tún ní ṣọ́ọ̀kì, pẹ́ńsù àti sẹ́lótéèpù fífẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀dà kò sí nínú rẹ̀. Ẹ má tíì rà á. Bí ọ̀dà bá ti wà nílẹ̀, ọwọ́ á máa yún yín.

Ìpele 1: Ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé

Omi ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ọ̀dà tó ń bó, ibi tó ti ń bó ló sì máa sọ irú omi tó jẹ́.

Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri ni, láti ilẹ̀ dé orúnkún tàbí ìbàdí, tí nǹkan funfun sì ń hù lára rẹ̀, omi ilẹ̀ ló ń gun ògiri. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ kò ní ohunkóhun láàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri tó lè dá omi dúró. Nǹkan funfun yẹn, iyọ̀ ni: omi ló gbé e wá láti inú ilẹ̀ àti inú sìmẹ́ǹtì, ó wá fi í sílẹ̀ nígbà tí òun gbẹ. Bí iyọ̀ bá ti ń dì lábẹ́ ọ̀dà, ó ń ti ọ̀dà síta nìyẹn.

Bó bá jẹ́ òkè lẹ́bàá àjà, tí àmì rẹ̀ sì pọ́n ní rogodo, ẹ lọ yẹ páànù wò, pàápàá ìdí ìṣó. Bó bá jẹ́ àyíká fèrèsé, òjò ń gba ẹ̀gbẹ́ férémù wọlé. Bí balùwẹ̀ bá wà lẹ́yìn ògiri, ẹ wo páìpù. Tó bá wá jẹ́ pé gbogbo ògiri ló ń bó wẹ́wẹ́, tó sì gbẹ táútáú, ó ṣeé ṣe kí omi má mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹni tó kùn ún kẹ́yìn ló kùn ún sórí eruku tàbí sórí ẹfun.

Ẹ̀yin tí ilé yín wà lẹ́sẹ̀ òkè, bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe wà ní Ẹfọ̀n-Alààyè, ẹ lọ wo ẹ̀yìnkùlé kí ẹ tó wo inú ilé. Lọ́dọọdún ni àgbàrá ń gbé yẹ̀pẹ̀ pupa sọ̀ kalẹ̀, tó ń tò ó sí ara ògiri ẹ̀yìn. Bó bá pẹ́, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé á ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ, ògiri á sì wá di ohun tí wọ́n sin ìdajì rẹ̀. Kò sí ọ̀dà tó lè dúró sí inú yàrá yẹn. Ẹ gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ náà kúrò títí ilẹ̀ ìta á fi lọ sílẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 15 sí ilẹ̀ inú ilé, kí ẹ la ojú àgbàrá tí omi á máa gbà kọjá lọ. Ẹ má gbẹ́ ẹ kọjá ibi tí ìpìlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ náà tún wà. Omi tó ń já bọ́ láti etí páànù máa ń ta ẹrẹ̀ pupa mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri ìta, ògiri á sì máa mu ún. Gọ́tà ló dáa jù. Bí owó rẹ̀ kò bá tíì sí, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ojú ibi tí ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ ń já sí. Omi kò ní ráyè ta ẹrẹ̀ mọ́.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* wọ́n á fi ọ̀dà olóròóró kun ìsàlẹ̀ tó ń rin "kí omi má baà jáde", tàbí kí wọ́n lẹ táìlì mọ́ ọn. Omi náà kò lọ síbì kankan. Bí kò bá rí ibi jáde nísàlẹ̀, á gun òkè sí i, èyí tó dúró ní orúnkún lọ́dún tó kọjá á dé ìbàdí. Bí ẹ kò bá lágbára láti dá omi ilẹ̀ dúró lọ́dún yìí, ẹ má fi agídí ṣe é: ẹ fi ẹfun tàbí ẹmọ́ṣọ̀n (ọ̀dà olómi) tí kì í dán kun ìsàlẹ̀ yẹn, èyí tó máa jẹ́ kí ògiri mí, kí ẹ sì gbà pé ẹ máa tún un kùn láìpẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, kí ìbú àti òró rẹ̀ tó ìdajì mítà, ẹ fi téèpù lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri pinpin. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rá, níbi tó ti kọjú sí ògiri, ògiri ṣì ń mu omi. Bó bá jẹ́ iwájú rẹ̀ tó kọjú sí yàrá ló tutù, afẹ́fẹ́ kò wọ yàrá yín tó ni. Ẹ ṣí fèrèsé. Bó bá gbẹ níhà méjèèjì, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ìpele 2: Ẹ kan ògiri, kí ẹ fetí sílẹ̀

Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tàbí oríkèé ìka kan ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Ibi tó bá dún gbì, ó dì mọ́ra. Ibi tó bá dún kòròkòrò bí àgbá òfìfo, sìmẹ́ǹtì ti kúrò lára amọ̀ níbẹ̀, ńṣe ló kàn rọ̀ síbẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí gbogbo rẹ̀ po. Nínú ilé alámọ̀, ẹ máa rí púpọ̀, torí sìmẹ́ǹtì le, amọ̀ sì rọ̀. Bí òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ń mú amọ̀ wú tó sì ń mú un súnkì, sìmẹ́ǹtì kò lè tẹ̀ lé e.

Ibi tó bá dún kòròkòrò tó sì kéré sí àtẹ́lẹwọ́, tí kò mì bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa yọ ọ́ ní ìpele 6. Bí ẹ bá rí ọ̀nà ikán lábẹ́ rẹ̀, ẹ dá iṣẹ́ dúró ná, kí ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa pa ikán, torí ikán tó wà lára ògiri ti dé ara igi àjà, tàbí ó ń lọ síbẹ̀.

Sísán tín-ín-rín tó dà bí irun kò ní ìṣòro. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tó sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ sí òkè tàbí ìsàlẹ̀, tàbí èyí tí orí ìka kékeré fẹ́ẹ̀ wọ̀, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà dábùú rẹ̀ ní ibi méjì, ẹ wọn bó ṣe fẹ̀ tó, ẹ kọ ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ń fẹ̀ sí i, ìpìlẹ̀ ló ń rìn. Ẹni tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ ni kí ẹ pè, kì í ṣe ẹni tó ń kunlé.

Ìpele 3: Ẹ dáàbò bo ara yín àti ará ilé

Ọ̀dà olóròóró àtijọ́, èyí tó ń dán lára ilẹ̀kùn, férémù àti ìsàlẹ̀ ògiri, ó lè ní òjé nínú. Eruku òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kì í sì í fara hàn lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi sánpépà gbígbẹ ha á, ẹ má sì fi iná sun ún. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á. Ọmọdé àti aboyún kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí títí ẹ ó fi nu ilẹ̀ tán. Ẹ́ẹ̀pá ọ̀dà tó bá já bọ́, inú àpò ni kó wà. Ẹ má gbá a dà sí ẹ̀yìnkùlé tí adìyẹ ń jẹ̀ tàbí ibi tí ẹ gbin ẹ̀fọ́ sí.

Ẹ wo òkè. Bí àjà ilé bá jẹ́ páálí líle aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń pè ní àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì, tó pọ̀ nínú ilé àtijọ́, sikirépà àti sánpépà kò gbọ́dọ̀ kàn án. Okùn wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde mọ́. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ń bó, ẹ fi aṣọ tútù nu èyí tó ti tú, kí ẹ sì kun ún láìha á.

Ẹ pa iná láti mẹ́ìnì. Pé kò sí iná ní àdúgbò láti àná kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ìgbà tí ọwọ́ yín tútù lára sọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an ni wọ́n á mú un dé.

Ìpele 4: Híha

Ẹ fín omi sí ara ọ̀dà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wá fi sikirépà sí ibi tó ti ṣí jù lọ. Ẹ dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó fẹ́ẹ̀ sùn mọ́ ògiri, kí ẹ máa tì í lọ síwájú. Bó bá dúró gbọn-in ní òòró, ó ń gbẹ́ pílásítà nìyẹn, ẹ ó sì tún máa dí ihò tí ẹ fúnra yín gbẹ́.

Ẹ máa tẹ̀ lé etí ọ̀dà lọ títí sikirépà kò fi ní rí nǹkan ká mọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé gbogbo ọ̀dà ló gbọ́dọ̀ kúrò. Wọ́n á ha á dé àárín òru, á sú wọn, wọ́n á wá kun ìyókù bó ṣe wà. Ọ̀dà tó dì mọ́ ògiri gírígírí kì í ṣe ọ̀tá yín. Àmọ́ bí ìdajì ògiri bá ti bó, ẹ ha ìyókù náà kúrò. Ó máa ń yá ju kí ẹ máa dán etí rẹ̀ káàkiri lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi sánpépà 80 tútù pa etí ọ̀dà tó ṣẹ́kù rẹ́, kó má ṣe dúró bí ìtẹ̀lẹ̀ àtẹ̀gùn. Bí ẹ bá fi ìka kọjá níbẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ mọ ibi tí ọ̀dà parí sí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* níbi tí ọ̀dà ṣì wà tó sì ti gbẹ, ẹ fi ọ̀bẹ mímú fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn, ẹ tẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn pẹ̀lú èékánná, ẹ fà á yọ lẹ́ẹ̀kan wàì. Bó bá gbé ẹ́ẹ̀pá ọ̀dà dání, híha kò tíì tó. Ẹ ṣe é ní ibi mẹ́ta ó kéré tán lára ògiri kọ̀ọ̀kan: òkè, àárín, ìsàlẹ̀.

Ìpele 5: Fífọ̀

Iyọ̀ kọ́kọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n kúrò, kí ẹ gbá a jáde. Bí ẹ bá fi omi fọ̀ ọ́, ńṣe ló máa yọ́ padà sínú ògiri.

Níbi tí ògiri bá ti bu dúdú tàbí aláwọ̀ ewé, ẹ po bílíìṣì ife kan mọ́ omi ife mẹ́rin, ẹ fi pa á, ẹ fi sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ wá fi omi ṣàn án. Ṣíṣí ni kí fèrèsé wà. Ẹ má po bílíìṣì mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́ tàbí ásíìdì. Gáàsì tó máa jáde lè pa èèyàn. Bí ẹ bá kàn kun ọ̀dà bo èébu, á yọ lójú ọ̀dà tuntun kó tó ṣe díẹ̀.

Ilé ìdáná tí wọ́n ti ń fi igi dáná fún ọ̀pọ̀ ọdún, èéfín àti epo ti dì mọ́ ògiri rẹ̀. Ọṣẹ àti omi gbígbóná ni, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kí omi dúdú má baà fa ìlà, lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án láti òkè wá sílẹ̀. Bí àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ bá ṣì kù, ẹmọ́ṣọ̀n kò ní bò ó. Ẹ fi àńdákótì olóròóró (ọ̀dà tí a ń kùn ṣáájú ọ̀dà gan-an) kun ibẹ̀ bó bá gbẹ tán.

Ibi tí amọ̀ ti yọ síta, ẹ má da omi lù ú. Aṣọ tí a fún dáadáa ló tó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* nígbà tí ògiri bá gbẹ, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra á. Bí ọwọ́ bá funfun, ẹfun àtijọ́ tàbí ọ̀dà tó ti di lẹ́búlẹ́bú ṣì wà níbẹ̀: ẹ tún un fọ̀. Bó bá ṣì ń funfun lẹ́yìn ìgbà kejì, ẹ lọ ra ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń wọ inú ògiri láti so ó pọ̀, ẹ fi pa á kí ẹ tó dí ohunkóhun. Àwọn kan máa ń fi gọ́ọ̀mù funfun ti kápẹ́ńtà tí wọ́n da omi sí ṣe iṣẹ́ yìí. Lójú ẹ̀ẹ̀rùn ó dára, ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá kàn án, á tún rọ̀, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ á sì bá a lọ.

Ìpele 6: Dídí ibi tí ẹ yọ

Ẹ gé gbogbo ibi tí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí po, tó ju àtẹ́lẹwọ́ lọ tàbí tó ń mì, kúrò dé ibi tó tún ti ń dún gbì. Ẹ gbọn eruku rẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i kó má baà fa gbogbo omi inú sìmẹ́ǹtì mu.

Lórí búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì ìdá kan sí iyanrìn ìdá mẹ́fà ti tó. Lórí amọ̀, ẹ jẹ́ kó dẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá kan sí mẹ́jọ, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi ìṣó gígùn kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn kó rí nǹkan dìmú. Bíríkìlà lè bá yín jiyàn níbí. Wọ́n gbà pé bí sìmẹ́ǹtì bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ ṣe dára tó. Ẹ rántí ohun tí ẹ gbọ́ ní ìpele 2: ohun líle lórí ohun rírọ̀ ló kó yín sí wàhálà yìí.

Kí sìmẹ́ǹtì tí ẹ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan má nípọn ju sẹ̀ńtímítà kan lọ. Bí ihò bá jìn, ẹ ha ojú ti àkọ́kọ́ kó rí gbágungbàgun, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fi òmíràn lé e. Ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, pàápàá bí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Ọyẹ́ á fa omi rẹ̀ gbẹ kó tó le, á sì sán.

Ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ibí yìí ni àwọn tó ní ìnáwó ti máa ń bínú sí mi. Sìmẹ́ǹtì tútù máa ń jó ọ̀dà: àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, á sì bó. Bí ìsìnkú bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ kun ìyókù ògiri, ẹ gbé báńnà olóògbé kọ́ sí ibi tí ẹ dí. Kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè.

Ìpele 7: Dídán

Sísán tín-ín-rín, ẹ fi igun sikirépà là á díẹ̀ kí ohun ìdíhò lè wọ inú rẹ̀. POP àti sikirídìn (ohun ìdán ògiri tó dà bí ẹ̀kọ) dára fún òkè ògiri inú ilé tó gbẹ. Wọn kò dára fún ìta, balùwẹ̀, tàbí ìsàlẹ̀ ògiri tó ti rin rí, torí omi máa ń sọ POP di ẹ̀kọ. Ohun ìdíhò tó ní sìmẹ́ǹtì nínú ni kí ẹ lò síbẹ̀.

Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sàn ju nínípọn lẹ́ẹ̀kan. Bó bá gbẹ, ẹ fi sánpépà 120 dán an, lẹ́yìn náà 180, pẹ̀lú ìbòmú nímú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lálẹ́, ẹ pa iná yàrá, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ògiri kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Gbogbo kòtò àti gegele á yọ òjìji. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí wọn, kí ẹ tún wọn ṣe láàárọ̀.

Ìpele 8: Kíkùn àkọ́kọ́

Ẹ gbọn eruku láti òkè wá sílẹ̀, ẹ fi aṣọ tí kò rin púpọ̀ nu ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, ẹ kùn ún lọ́jọ́ tí ẹ nu ún gan-an. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, eruku tuntun á ti bò ó.

Ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kun gbogbo ibi tí ẹ dí àti ibi tó wà níhòòhò. Bí ẹmọ́ṣọ̀n nìkan lẹ ní, ẹ da omi ìdá kan sí ìdá mẹ́rin rẹ̀ fún àkọ́kọ́ yìí nìkan, kó lè wọ inú ògiri. Ẹ má da omi bẹ́ẹ̀ sí àwọn tó kù. Ẹni tó ń fi omi fa ọ̀dà gùn kó lè ṣẹ́ kù ló ń sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú tí ẹlòmíràn máa wá fọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún ṣe ti sẹ́lótéèpù, lórí ibi tí ẹ dí àti lórí ọ̀dà àtijọ́ tí ẹ fi sílẹ̀. Bí téèpù bá mọ́, ìpele tó kù ti ẹni tó ń kunlé ni. Bó bá gbé nǹkan dání, ẹ wo ẹ̀yìn ohun tó gbé: bí lẹ́búlẹ́bú ló wà níbẹ̀, ìpele 5 ni ẹ máa padà sí, bí ọ̀dà àtijọ́ ló bá a wá, ìpele 4 ni, ibi yẹn nìkan, kò kan gbogbo ògiri.